Ìfẹ̀yìntì

Àjà kẹrin ni ọ́fíìsì wọn wà ní Màrínà.
Ẹ̀rọ agbéniròkè ti kú, ẹsẹ̀ ni mo fi gùn ún,
fọ́tò eegun ẹ̀yìn ọmọ mi wà ní abíyá mi
nínú àpòòwé ńlá tí òjò ti tọ́ wò.

"Màmá," ni akọ̀wé wí, "ó ku ọdún mẹ́sàn-án.
Owó àgbà ni owó yìí. Ẹ ò tíì dàgbà."
Ta ni kò tíì dàgbà?
Èmi tí mo ń ka bí ọmọ ṣe ń mí lóru
títí fèrè réluwè fi ń dún ní Èbúté-Mẹ́tta?

Mo fa fọ́tò náà yọ, mo gbé e kọjú sí fèrèsé.
Ọ̀sà hàn lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan ń kọjá
láàrin eegun ìhà ọmọ mi.
Eegun tó yẹ kó nàró bí òpó
wọ́ lọ sápá òsì, ó tún ṣẹ́rí padà
bí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ń yẹ kòtò.
Akọ̀wé wò ó. Ó wo tábìlì.
"Òfin ni, Màmá. Àfi tẹ́ ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀,
kẹ́ ẹ sì jókòó oṣù mẹ́rin láìníṣẹ́."

Ọdún mẹ́tàdínlógún nídìí ìwé ẹrù ní Àpápá:
mo pa iṣẹ́ náà kí n lè jogún rẹ̀.

Òfin lè dúró. Eegun kì í dúró.
Ní oṣù kejì, apá kan aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ gùn ju ìkejì;
mo tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo tún un rán.
Dókítà Íńdíà kọ̀wé pé iye tí àwọn sọ kò yí padà.
Dọ́là ló yí padà.
Mo ta fíríìjì. Mo ta ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́.
Bùrọ̀dá Akínṣọlá ní, "Bó o bá darúgbó ńkọ́?
Kí lo máa fẹ̀yìn tì?"
Mi ò dáhùn. Mo ń fi òróró pa ibi tó ń dun ọmọ.

Mo ti pọ̀n ọ́n rí láti Òyìngbò dé Ìdí-Àràbà,
lọ́jọ́ tí kò sí mọ́tò, tí ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò.
Ó ti pé mẹ́tàlá, ẹ̀yìn mi ò gbà á mọ́,
ṣùgbọ́n ohun tí ǹ bá fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ alẹ́
ṣì lè pọ̀n ọ́n kọjá òkun.

Lọ́jọ́ tí owó jáde, akọ̀wé ka orúkọ ajogún
tí mo kọ sílẹ̀ nígbà tí mo bí i.
Ó kà á, ó tún un kà:
Mofẹ̀yìntolúwa.
"Ṣé òun náà ni?"
"Òun ni."
Ó rọra lu òǹtẹ̀.

Ní àjà kejì, èémí mi gé.
Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo dijú díẹ̀.
Àṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni.
Mo délé, Mofẹ̀yìn rí ẹ̀yìn mi,
ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú:
"Màámi, ta ló fi ọ̀dà kùn yín?"