Ìwé Àkọsílẹ̀ Odile

Odile, pẹ́ńsùlù ni mo ní kí o fi kọ ọ́.
O rò pé ahun ni mí, pé mi ò lè ra bírò.
Lọ́jọ́ kẹta òjò Louisiana ká wa mọ́ orí omi,
iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ ṣàn lọ bí omi aró;
tìrẹ dúró sójú ewé, ó rí bí eérú, kò mira.

Ọlidé gígùn ni, oṣù mẹ́ta, owó ọ̀yà táṣẹ́rẹ́.
O dé pẹ̀lú báàgì kan àti bàtà tí kò mọ ẹrẹ̀ rí.
O ní kò sẹ́ni tó wọ fásitì rí nínú ilé yín,
o sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ́wọ́ olè.
Mo ní, ṣé o mọ nǹkan kà?
O ní o mọ ìwé kà.
Mo ní ìṣáwùrú ni a fẹ́ kà.

Igi onígun mẹ́rin, a gbé e lé koríko etí òkun,
èyí tó ń rá gorí ewé, èyí tó sá pamọ́ sídìí,
kà á.
Ìṣáwùrú ń jẹ koríko, koríko ló di ilẹ̀ mú,
ibi tí koríko bá kú sí, òkun kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ìwọ lo kanlẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, aago mọ́kànlá òru.
O ti di ẹrù rẹ.
“Mo ti ń ka òkú mọ́ alààyè láti ọjọ́ kìn-ín-ní.
Ìkarahun òfìfo. Mo kà wọ́n mọ́ ọn.”
Mo gbé omi kaná. Mi ò sọ pé kò burú.
Ó burú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọnú ẹrẹ̀ lọ.
O yọ rọ́bà láti pa á rẹ́, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ.
Fa ìlà kan ṣoṣo gba àárín rẹ̀, kọ déètì, kọ orúkọ rẹ;
ẹni tí yóò kà á lọ́la, jẹ́ kó rí ibi tí o ti ṣubú.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú.
Èmi àgbà, ẹ̀yìn ni mo wò lóru yẹn:
mo rí ara mi lọ́mọ ọdún mọ́kànlélógún,
mo ti gbàgbé, mo pa fírísà olùkọ́ mi mọ́jú,
ẹja ọdún méjì jẹrà, omi rẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀.
Kò pariwo. Ó kó aṣọ ìnulẹ̀ méjì wá,
ó fún mi ní ọ̀kan,
ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú èkejì.

Nítorí náà ni mo ṣe bá ọ jí ní aago mẹ́rin.
Nítorí náà ni orúnkún mi ṣe ń dùn mí títí dòní.

Èsì wa kò tóbi. Ìlà kan tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
O kọ́ ọ sára ògiri gbọ̀ngàn pẹ̀lú ti àwọn yòókù,
ọ̀fun rẹ gbẹ, o gbàgbé gbólóhùn àkọ́kọ́.
Bàbá rẹ wọlé tòun ti bàtà rọ́bà funfun,
òórùn edé ṣì wà lára rẹ̀, ó bọ́ fìlà.
Kò wo ìlà. Àwòrán ilẹ̀ ló wò,
ó fi ìka kan ibi tí a kùn ní àwọ̀ omi:
“Ibí ni ìyá mi ti máa ń sá edé.”
Ó pe orúkọ ibẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń tukọ̀ kọjá níbẹ̀.
Mi ò mọ̀ pé ó lórúkọ.
Mo yọ pẹ́ńsùlù létí.
Odile, ìwọ lo ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan,
èmi ni mo ń kọ.

Fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ ti jáde. Tètè kọ ọ́.
Bàtà bàbá rẹ ni kí o wọ̀ wá.