Ta Ló Jí I Ṣáájú Wa?

Kí n tó kí onílé, mo ti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.
Bọ́dúndé ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ bí a ti ń gun òkè bọ̀:
"Bó bá tutù, ẹ jókòó, ẹ bá a sọ̀rọ̀ owó.
Bó bá gbóná, ẹ bi í pé ta ló jí i ṣáájú wa."
Aago méje kọjá díẹ̀ ni, ní Ẹ̀fọ̀n,
ìrì ṣì wà lórí páànù, kùrukùru ò tíì sọ òkè kalẹ̀,
Bàjáàjì náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́
bí ẹní tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Ulé-ìjọ nìkan ni mo ń gùn ún lọ," Bàbá Fálùyì wí.
"Ulé-ìjọ, kí n padà sí ulé. Ọdún mẹ́rin gbáko."
Táǹkì ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó.
Kí n má purọ́, ọkàn mi ti gùn ún lọ
títí dé ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé mi lọ ní abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀,
máìlì méje àbọ̀ tí mo ń fẹsẹ̀ rìn láti ìgbà òjò.

Bọ́dúndé ò wo táǹkì.
Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yangí bí ẹni ń kí ọba,
ó ń wo abẹ́.
Ó fìka ra ìdí ẹ́ńjìnnì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó pòṣé.
Ó mi táyà iwájú sọ́tùn-ún, sósì: kọ́-kọ́-kọ́.
"Béárìn ló ń kanlẹ̀kùn yẹn. Ó fẹ́ jáde."
Ṣéènì dẹ̀ bí okùn ìsáṣọ lẹ́yìn ìjì.
Nígbà tó ká ìjókòó sókè ló tó ké sí mi:
okùn rọ́bà ti ha irin ẹ̀yìn lọ́nà mẹ́rin,
èérún kòkó gbígbẹ sá pamọ́ síbi tí kànìnkànìn ò dé.
"Bàbá, ìjọ wo ló ń gba ìdá mẹ́wàá
ní àpò kòkó mẹ́ta-mẹ́ta?"

Àgbà náà rẹ́rìn-ín.
Kì í ṣe ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ká mọ́,
ẹ̀rín ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ ni.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ iṣu sísun lẹ́nu ọ̀nà dá sí i:
"Láti aago márùn-ún ni wọ́n ti ń ta á nípàá.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Mo kà á."
Olùkọ́ ni mí. Ta ni èmi tí n ó bá ọmọ tó mọ̀ ọ́n kà jà?

A ní ká dúró kó tutù. Wọ́n gbé àga fún wa.
Oòrùn ń yọ́ kùrukùru kúrò lára àpáta díẹ̀díẹ̀,
bàbá sì ń sọ ohun tí a ò bi í:
ìgbà tó ṣubú ní kọ́nà ọ̀nà Arámọkọ,
fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi òòlù nà padà,
mítà tó dúró lọ́jọ́ náà tí kò rìn mọ́,
àti ojú òun, tí kì í jẹ́ kí òun mọ gọ́tà yàtọ̀ sí títì
bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ó tutù wàyí bí òkúta inú odò.
Èmi fúnra mi ta á nípàá.
Ó dákẹ́. Mo tún ta á. Ó dákẹ́.
Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án ó húkọ́, ó gbọn jìnnìjìnnì,
ó tu èéfín aláwọ̀ aró sí ojú ewé kókò.
"Ríìngì ti jẹ," Bọ́dúndé wí,
ó ń rò ó lórí ìka bí ẹni ń ka gbèsè.

Ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún sọ̀ kalẹ̀ di igba,
ọmọ náà ló bá wa ka owó.
Mo ti gun orí rẹ̀ tán kí bàbá tó di irin ẹ̀yìn mú,
kò fà á, kò tì í, ó kàn dì í mú.
"Bẹ́ ẹ bá dé kọ́nà Arámọkọ," ó ní,
"ẹ rọra. Ó máa ń fà sósì níbẹ̀.
Kò tíì gbàgbé."