Eré Ẹ̀bá Ọ̀nà

Igba náírà ni ìdajì wákàtí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́,
lẹ́yìn àwọn tó ń tún fóònù ṣe.
Tẹlifíṣàn mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń húkọ́ bí àgbà.
Àwọn ọmọ iléèwé a já wọlé ti báàgì ti báàgì,
wọn a ti mú ìbọn kí wọ́n tó jókòó.
Ìlú ńlá kan ń bẹ nínú ẹ̀rọ náà tí kò sí lórí máàpù,
ọ̀gá ọ̀daràn kan ń bẹ níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n pa.
Ìyẹn ni iṣẹ́. Ìyẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe géèmù.

Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́ wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan,
ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì
ju àsíá àwọ̀ ewé sí rélùwéè ní Láfẹ́ńwá.
“Ọmọ mi, èwo ni kò ní ariwo nínú wọn?”
Mo na pádì sí i. Ó gbà á bí ẹni gba ọmọ ìkókó.

Fóònù dún nínú eré. Ọ̀gá ń pè é síṣẹ́.
Bàbá wò ó títí ó fi dákẹ́.
Ó rí takisí kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó wọ̀ ọ́,
ó gbé ìyá arúgbó kan lọ sílé,
ó dé ibi iná pupa, ó dúró.
Ó dúró! Níbi iná pupa!
Ẹ̀rín gbé Dẹ̀hìndé ṣubú lórí àga.
“Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre, kò sí ọlọ́pàá!”
“Ta ló sọ fún ọ pé torí ọlọ́pàá ni?”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá, Ìṣẹ́gun dé Ìṣẹ́gun.
Ó ju ọfà kékeré mọ́ pátákó nílé ọtí, kò mu.
Ó yí bọ́ọ̀lù gbirigbiri lu igi mẹ́wàá, mẹ́sàn-án wó,
ó bá ẹyọ kan tó kù sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.
Ó dẹ ìwọ̀ sódò. Ẹja inú gíláàsì,
kò ṣeé sè, kò ṣeé sun,
ó sì ń kí i káàbọ̀ bí àna ẹni.
Lápá òsì, ẹ̀rọ kọ ọ́ pé: ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.
Dẹ̀hìndé ti dé mọ́kànlélọ́gọ́ta.

N kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti sanwó,
ṣùgbọ́n mo bi í.
Ó ní, “Òkè-Mósàn ni mo ti ń bọ̀.
Wọ́n ní kí n wá fi hàn pé mo wà láàyè.
Mo fi ara hàn. Wọ́n ní fọ́tò kò jọ mí,
kí n padà wá ní Ìṣẹ́gun.
Iṣẹ́ tí mo gbájú mọ́ láìyà, Jọláadé,
èmi ni mo mọ ibi tó já mi sí.
Jẹ́ kí n yà díẹ̀.”

Yà.
Èmi tí màmá mi rán lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì,
tí mo yà síbí fún oṣù méjì, tó di ọdún mẹ́fà:
ìṣìnà ni wọ́n ń pè é nílé wa.

Oṣù Ọ̀wàrà dé, a ò rí bàbá. Ìṣẹ́gun mẹ́rin.
Ẹnìkan ní ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìlaró.
Ẹlòmíràn ní wọ́n ti sanwó fún un, ó ra ìwọ̀ gidi,
etí odò Ògùn ló ń jókòó sí.
N kò tọpa rẹ̀. Èyí tó wù mí ni mo gbà gbọ́.
Dẹ̀hìndé ní kí n pa eré bàbá rẹ́, àyè ti kún.
Mo ní kó kọ́kọ́ pa tirẹ̀.

Lálẹ́ àná, mo ti ilẹ̀kùn, epo ò pọ̀ mọ́,
mo ṣí i.
Takisí wà létí omi,
ó páàkì rẹ̀ sáàárín ìlà méjèèjì géérégé,
òjò inú ẹ̀rọ ń pa á.
Mo wà á jáde. Fóònù ń dún. Mo jẹ́ kó dún.
Ọ̀nà ṣófo. Iná pupa níwájú.
Kò sẹ́ni tó ń wò mí ní gbogbo Pánṣẹ́kẹ́.
Mo dúró.
Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún húkọ́,
mo sì ń retí àwọ̀ ewé.