Òkè Wà ní Òkè Òkun

Nígbà tí wọ́n ní mo ń lọ sí òkè òkun,
kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òkè wà níbẹ̀,
òkè gidi, tó ń fi orí gbá ìkùukùu,
tí àgùntàn fọ́n ká sí ìhà rẹ̀ bí ẹ̀wà funfun tó dà nù.

Skelbeck lorúkọ abúlé náà.
Ọgbọ̀n ilé, ṣọ́ọ̀ṣì kan, bọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́;
lọ́jọ́ Sátidé, kò sí rárá.
Èmi ni mò ń tọ́jú Bàbá Wilf Braithwaite:
oògùn ní aago mẹ́jọ, ìwẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án,
lẹ́yìn náà, n ó ti àga rẹ̀ sójú fèrèsé
kí ó lè máa wo Orrin Pike,
òkè tó ti ń gùn láti ọmọ ọdún mẹ́fà
títí orúnkún fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

"O ò tíì gùn ún síbẹ̀?" Lójoojúmọ́.
Mo ní, Bàbá, ní Ọ̀kà Àkókó tí wọ́n bí mi sí
èèyàn kì í gun òkè láìní ohun tó fẹ́ mú bọ̀.
Ìyá àgbà mi ń gùn ún nítorí igi ìdáná.
Ẹ̀yin ń gùn ún, ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo,
ẹ wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún.

Ó wò mí títí.
Ó ní kí n ṣí àpótí abẹ́ àtẹ̀gùn.
Búùtù Edna, ìyàwó rẹ̀ tó ti lọ,
kóòtù òjò rẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè,
èèpo ọsàn gbígbẹ nínú àpò.
Búùtù náà bá mi mu. Ó fún mi díẹ̀ lọ́mọ ìka.
Bàbá ki òkúta kan bọ̀ mí lọ́wọ́, kò ju ẹyin adìyẹ lọ:
"Bá mi gbé e dé orí. Òkìtì kan wà níbẹ̀."

Mo di ẹlẹ́rù. Ẹrù àlọ dípò ẹrù àbọ̀,
ẹrù ṣáà ni ẹrù ń jẹ́.

Ọjọ́ Àìkú. Géètì àkọ́kọ́, géètì kejì,
ògiri òkúta tí a kò fi amọ̀ mọ,
ẹrẹ̀ tó ń fa búùtù bí ọmọ tó ń fa ọmú.
Tọkọtaya kan ń sọ̀ bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá méjì-méjì,
wọ́n ní, "Ṣé o ti ṣìnà ni?"
Rárá o. Òkè ni mò ń lọ.
Ta ní í ṣìnà òkè? Ibi tó bá ti ń dun ẹsẹ̀ jù, ibẹ̀ náà ni.

Mo gùn. Mo jókòó. Mo gùn.
Mo rántí ìyá àgbà, igi lórí, èmi lẹ́yìn rẹ̀,
tí kò dúró sinmi lẹ́ẹ̀kan.
Mo ti ń rò pé òkè Ọ̀kà ló kúrú.
Ìyá náà ló ga.

Mo dé orí, kùrukùru ti dé ṣáájú mi.
Adágún tí wọ́n ní n ó rí, kò sí.
Òkun tí wọ́n ní ó ń dán lọ́ọ̀ọ́kán, kò sí.
Mo na ọwọ́ síwájú, ìka mi márùn-ún ni mo rí,
mo kà wọ́n, wọ́n pé.
Mo táràrà títí mo fi kan òkìtì náà,
mo gbé òkúta lé e,
mo juwọ́ sí ibi tí mo rò pé abúlé wà.
Àgùntàn kan wúkọ́.

Nígbà tí mo padà, tíì rẹ̀ ti tutù,
awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn wà lórí itan rẹ̀.
"Ṣé o rí adágún?" Mo ní, "Mo rí i."
"Òkun ńkọ́?" "Ó ń dán."
Ó mi orí. "Èmi náà rí ọ.
O dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì nínú kóòtù ìyeyè,
o juwọ́."

Mo wo ojú fèrèsé.
Kò sí Orrin Pike. Kò sí i láti ọ̀sán.

Ìyá àgbà mi a máa wí pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó,
bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.
Mo máa ń bá a jiyàn.

Mo bọ́ búùtù. Mo tún omi tíì gbé kaná.
Mo ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ rí mi, Bàbá."
Mo fi kóòtù kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
mo fi èèpo ọsàn náà sílẹ̀ nínú àpò.