Òpó Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Tíṣà Sígímọ́ǹtì ló kọ́ wa ní ìṣirò ní Òrò, fọ́ọ̀mù kẹta.
Póláńdì ló ti wá. Etí rẹ̀ pọ́n bí èyí tí oòrùn sè.
Á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ sára bọ́ọ̀dù,
á dúró, á máa wò ó
bí ẹni tó jẹ ìlà náà lówó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú,
tí ètè gbogbo wa là bí amọ̀ etí odò,
ó ní:
“Ìyá ìyá mi kò kó kúrò nílé rẹ̀ rí.
Ibùsùn kan náà ló ń sùn, kànga kan náà ló ń fà.
Wọ́n bí i sábẹ́ ọba Jámánì,
ó lọ́kọ lábẹ́ àsíá Póláńdì,
Jámánì tún fi ìbọn padà dé,
Póláńdì tún fi bébà padà dé.
Ìyá jókòó, ìlú ló ń rìn.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òpópónà iwájú ilé rẹ̀ parọ́ orúkọ
kí igi ápù ẹ̀yìnkùlé tó gbó.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Lásúnkànmí ní irọ́ ni, ilẹ̀ kì í ṣe ẹní tí wọ́n ń ká.
Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Mo mọ òpó kan.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ló wà, ní Ìdí-Ọsẹ̀:
símẹ́ǹtì, kò ga ju orúnkún lọ,
lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà tí èéhù ti ń jẹ.
Fágbàmílà, bàbá bàbá mi, wà lára àwọn tó fa ṣéènì,
ṣílè kan lójúmọ́.
Òyìnbó ń fojú kan wo inú awò, ó ń juwọ́:
sún sí ọ̀tún, sún sí òsì.
Ibi tí pèrègún àwọn àgbà wà, kò béèrè.
Ogbó mọ̀nà, bí ìtàn wa ṣe wí;
ṣéènì ò mọ̀nà, ó kàn gùn ni.
Ó la ebè iṣu, ó la ìdí obì,
ó kan ilé ẹni tó ń fà á.
Yàrá bọ́ sí Ilọrin.
Ilé ìdáná bọ́ sí Ìbàdàn.

Bí akódà olówó-orí bá ti Ilọrin yọ,
bàbá bàbá mi á gbé àwo iyán, ó di ilé ìdáná,
á máa bu òkèlè ní Ìwọ̀-Oòrùn.
Bí ti ọ̀hún bá dé, á padà sórí ẹní.
Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ èyí fún wa.

Wọn kì í sọ ọdún tí obì so jù,
tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi àti àbúrò bàbá mi
pàdé ní ìdí òpó, tòun tàdá.
Ìlà ni wọ́n sin Jọláòṣó lé:
orí rẹ̀ níhìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún,
kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ló ni òkú.

Tíṣà wá wo òpó náà nígbà ìsinmi.
Ó fọwọ́ pa á lórí. Kò sọ nǹkan kan.
Ìyá mi gbé omi fún un, ó mu ún tán,
ó tún mu òmíràn.

Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, lẹ́tà rẹ̀ dé:
ìyá àgbà ti kú,
àwọn tí wọ́n lé láti ìlà-oòrùn ló ń gbé ilé náà báyìí.
Wọ́n gbẹ́ ìdí igi ápù, wọ́n bá àwo tánganran
tí àwọn ará Jámánì rì mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó sá.
Wọ́n fọ̀ ọ́. Òun ni wọ́n fi ń jẹun.

Mo kà á fún ìyá mi níbi tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ lára òpó.
Mo bi í léèrè: kí ló wà nísàlẹ̀ tiwa?
Ó wo ojú ọ̀bẹ, ó ní,
“Omi ti tán nínú ìkòkò.”