Ẹ̀yin Nìkan

Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé
ní pósọ́fíìsì Ẹ̀pẹ́, láti ìgbà tí fáànù òkè wa ṣì ń yí.
Mo mọ ìwé òkú bí mo bá ti dì í mú, mo mọ ìwé owó,
mo mọ ìwé ọkọ tó ti fẹ́ ìyàwó míì sí Kùtọnu:
ìyẹn máa ń fúyẹ́.
Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò fúyẹ́.
Àpò rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn, ó ní fèrèsé ọ̀rá níwájú,
orúkọ èèyàn á sì máa yọjú níbẹ̀
bí ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé.

"Nọ́ọ̀sì Ìdáyátù Àwẹ̀ró Ọnàfówókàn,
ẹ kú oríire! Nínú gbogbo oníbàárà wa
ẹ̀yin nìkan la mú.
Mọ́tò tuntun ń dúró dè yín."

Nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì.
Ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì àwọn ọmọ etí ọ̀sà bọ́ sí,
títí kan èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí.
Ẹsẹ̀ ni mo fi jáde, ni wọ́n fi ń pè mí ní Ìgè.
Fíláàsì kan péré ló kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ wọn,
ó fi owó ránṣẹ́ sí Àpápá, fíláàsì dé, kò jò.
Ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn: fíláàsì náà kò jò.

Ìwé ní kó ra ọbẹ mẹ́fà, kí orúkọ rẹ̀ má bàa jábọ́.
Ó rà á.
Ìwé ní kó ra aago ògiri, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá.
Ó rà á. Aago náà ń sáré
bí ẹni pé wọ́n ń retí òun náà níbì kan.
Ó gé igi fúrúùtù ẹ̀gbẹ́ ilé, ó da yanrìn ọ̀sà síbẹ̀,
ó fi bàtà wọn gígùn rẹ̀, bàtà mẹ́rìndínlógún.
"Ìgè, ṣé mọ́tò á gba ibẹ̀?"
Mo ní, "Á gbà á, mà."
Ẹnu mi yìí náà ni.

Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀.
Àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni mo tú àpò ìwé láti Èkó,
mo ka pupa mọ́kàndínlógójì:
ti Wàlíù fọ́kánáísà, ti tíṣà ìṣirò,
ti ẹnì kan tó ti kú láti ìjẹta ọdún,
ẹ̀yin nìkan, ẹ̀yin nìkan, ẹ̀yin nìkan.
Apẹja Ẹ̀pẹ́ kì í mọ orúkọ ẹja kó tó ju ìwọ̀ sómi;
àwọn yìí kọ orúkọ ẹja sára ìwọ̀.
Nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ kan wà, ó wẹ́ bí ẹyin ẹja:
"bí ó bá ṣeé ṣe", "tàbí ẹ̀bùn mìíràn tó wù wá".
Obìnrin tó ń wá orí ọmọ rí nínú òkùnkùn
kò rí ìyẹn.

Ẹ̀bùn dé nígbà ọyẹ́.
Kọ́kọ́rọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọ̀dà wúrà kùn,
wọ́n so ó mọ́ awọ, wọ́n ya mọ́tò sára awọ.

Mo wá jẹ́wọ́ lórí káńtà, mo ka orúkọ, mo pè é ní mọ́kàndínlógójì.
Kò bú mi. Ó ń fi àtàǹpàkò nu fèrèsé ọ̀rá yẹn.
"Ìgè, láti ọjọ́ tí Alàájì ti kú,
ta ló tún ń kọ orúkọ mi tán báyìí?
Àwọn ọmọ á pè, 'Màámi, ṣé kò sí?'
Kí n tó ní kò sí, wọ́n ti gbé fóònù sílẹ̀."
Ó ra sítáǹbù kan. Mi ò bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Láàárọ̀ yìí mo gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá.
Ó ti gbá ibẹ̀. Ojú ìgbálẹ̀ hàn lórí yanrìn,
kò tiẹ̀ sí ẹsẹ̀ adìyẹ kan níbẹ̀.