Sí Ẹni Tí Yóò Ka Fọ́ọ̀mù Mi

Ẹ̀yin tí n kò mọ ojú yín,
tí n kò mọ̀ bóyá ẹ ti jẹun kí ẹ tó kan tèmi,
Natércia Arruda ni mí,
ọmọ New Bedford létí òkun,
níbi tí ẹyẹ omi ti ń jí wa ṣáájú aago.

Ọdún méjì ni mo ti lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wa.
Máàkì A kún ìwé mi níbẹ̀ bí ìpẹ́ ṣe kún ara ẹja,
síbẹ̀ fọ́ọ̀mù yín ní àfi kí n mú èsì girama wá.
Mo bá padà lọ gbà á.
Ìyáàfin Pacheco ṣì wà nídìí kóńtà.
Ó wò mí títí.
"Ṣé ìwọ náà nìyí? Ìwọ tí o máa ń sùn?"
Mo ní èmi ni, mà.
Ẹ̀rọ pọ ìwé náà jáde,
ìtìjú ọdún márùn-ún, ó gbóná bí búrẹ́dì.

Ẹ wò ó. N kò ní fi pamọ́.
Kẹ́mísìrì: òdo.
Ìtàn: díẹ̀ ló kù kí n rì.
Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni wọ́n pe orúkọ mi
tí àga nìkan gbọ́.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé, kó má ju igba ọ̀rọ̀ lọ.
Mo lè ní bàbá mi ni:
okùn ọkọ̀ já, ó gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀,
mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ẹja láago mẹ́rin ìdájí,
ọ̀bẹ lọ́wọ́, omi yìnyín nínú bàtà.
Òótọ́ ni. Zeferino àbúrò mi lè jẹ́rìí.
Ṣùgbọ́n ta ni màá tàn?
Ọjọ́ mìíràn wà tí n kò ṣiṣẹ́, tí n kò lọ síléèwé,
tí mo jókòó sínú mọ́tò Brayden lẹ́bàá odi òkun,
tí à ń jẹ ànàmọ́ díndín, tí à ń fi olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.
Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìyà. Orí kunkun wà níbẹ̀.
Gbólóhùn yẹn ni ọ̀rẹ́ mi ní kí n pa rẹ́.
Mo pa á rẹ́.
Mo tún kọ ọ́ padà.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú;
bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo ṣubú.
Mo wo iwájú lóòótọ́: kùrukùru ni mo rí.
Ẹ wá ní kí n wẹ̀yìn báyìí.
Bóyá fọ́ọ̀mù ló ń sọ èèyàn di àgbà.

Ọ̀gbẹ́ni Sovann ló kọ́kọ́ dá mi dúró lẹ́yìn kíláàsì.
Ìṣirò ló ń kọ́ wa lálẹ́, lókè ilé ìfọṣọ kan,
ẹ̀rọ ń mi ilẹ̀ jìgìjìgì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.
Mo rò pé òórùn ẹja ara mi ló fẹ́ sọ.
Ó ní, "Ọ̀nà tí o gbà yanjú ìkẹrin yìí, ta ló kọ́ ọ?"
Mo ní kò sẹ́nìkan.
Ó jókòó sórí tábìlì. Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Lọ síbi tí wọ́n á ti máa bá ọ jiyàn."

Mo gbọ́ pé asẹ́ yín kò ní ihò ńlá,
nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, mẹ́fà ló ń kọjá.
N kò ní kí ẹ fa ihò rẹ̀ ya.
Ẹ sáà ka ìwé méjèèjì pọ̀,
kí ẹ má fi ọ̀kan bo èkejì lójú.

Aago mẹ́ta òru ti kọjá.
Inú mọ́tò bàbá mi la wà, níwájú ilé ìkàwé
tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń yọ́ gba ara ògiri jáde.
Ó ní òun kò lè sùn, òun á sìn mí.
Mo ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́.
"Ìka wo?" ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín,
ó na èyí tó kù.

Ojú fóònù ń yí, ó ń yí.
A kò sọ nǹkan kan.
Lẹ́yìn náà ó ṣáná sí mọ́tò.
Ilé ẹja ti tanná.